Láìnì Kejì Tó Wà Lórí Fíríìjì Wa: Bí ₦3,400 Ṣe Di ₦700

Fóònù alátẹ̀ kékeré kan wà lórí fíríìjì nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun là ń pè ní fóònù ilé. Kì í jáde. Ẹni tó bá wà nílé nígbà tó bá dún ni yóò gbé e. Láti ọdún 2004 ni nọ́ńbà inú rẹ̀ ti wà. Òun ni àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi tó wà l'Ékòó mọ̀, òun ló wà lára káàdì ìwòsàn Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun náà ni báńkì fi ń ránṣẹ́ sí wọn. Tèmi wà nínú báàgì mi, mi ò ráhùn lórí ìyẹn. Ti orí fíríìjì yìí ló ń dà mí láàmú. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, mo kọ gbogbo owó tí mo fi sí i sẹ́yìn ìwé nóòtì mi, nítorí olùkọ́ ni mí, mi ò lè ṣe kí n má kọ nǹkan sílẹ̀. ₦3,400. Fóònù tí kì í rékọjá ilé ìdáná!

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀kún owó ìpè ni. Ní January ọdún yẹn ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fowó lé owó ìpè, kó má ṣáà ju ìdá 50 nínú 100 lọ, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi fóònù ilé pe ènìyàn? Ìpè tó bá wọlé kì í ná wa ní kọ́bọ̀. Màmá kì í pè, fìlásì ni wọ́n máa ń ṣe, ọmọ wọn á sì pè padà. Bó bá wá di dandan kí wọ́n pè, eré ni wọ́n fi ń sọ ọ́: "Ṣé dáadáa lẹ wà, ara mi le, ó ń ka owó, ó dàbọ̀." Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ₦50 ni wọ́n ń gbà lórí ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá sì lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, odidi ₦50 ti lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo dé tó mú kíkà ní ìṣẹ́jú àáyá wá. Ìròyìn yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Mo gbé fóònù náà lọ sí Tákìé, sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta síìmù tó sì ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ó gba ₦500, ó tẹ nǹkan fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní ó ti tán. Orin ìpè nìkan ló yọ, ìyẹn orin tí ẹni tó bá pè wá máa ń gbọ́ kí a tó gbé e. Lọ́jọ́ kẹta owó tún ń lọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, láìnì yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n ta tuntun fún yín." Kí ló ń jẹ́ láìnì gbó? Mi ò ní í júwe ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni mo wá fojú ara mi rí ibi tí owó ń gbà jáde. Iná ti lọ, mo ń ṣa ẹ̀wà ní kọ́rídọ̀, fóònù orí fíríìjì dún. Màmá gbé e, wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta nítorí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Màmá sì ń dá a lóhùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀rọ ń bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?" Wọ́n bi ọmọ mi.

"Ó ní kẹ́ ẹ tẹ 1, Màmá."

Wọ́n gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò wá 1 kàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń di ìdérí ìgò. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé: wọ́n ti gé ₦20, a sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn nípa ìtọ́jú ojú àti ètè.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Ìyàwó mi, ó bẹ̀ mí ni. Ṣé kí n wá dákẹ́ sí i lójú ni?"

Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo pe 300. Oore tí NCC ṣe wá nìyí: láti May 2023, kóòdù kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. 300 lẹ ó fi bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, 310 lẹ ó fi wo owó tó kù, 323 lẹ ó fi wo dátà. Ìṣẹ́jú 17 ni mo fi gbọ́ ìpolówó kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó gbé e mọ̀wàá hù, Yorùbá rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ márùn-ún ló wà lórí láìnì yín mà."

Mo ní kó máa kà wọ́n, mo ń kọ. Ìròyìn bọ́ọ̀lù, ₦20 lójúmọ́. Àdúrà òwúrọ̀, ₦20 lójúmọ́. Ìmọ̀ràn ìlera, ₦100 lọ́sẹ̀. Dátà tó ń ra ara rẹ̀ ní ₦100 lọ́sẹ̀, lórí fóònù tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní WhatsApp. Ìkarùn-ún ni ti ètè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

"Ẹ̀yin náà lẹ forúkọ sílẹ̀ mà."

"Èmi? Fún bọ́ọ̀lù?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíì nínú ilé ló tẹ̀ ẹ́ mà."

Mo wo Màmá. Wọ́n ti jókòó sídìí ẹ̀wà tí mo fi sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á lọ, wọn ò gbójú sókè.

Ó yọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣírò ti oṣù kẹfà. Bọ́ọ̀lù ₦600, àdúrà ₦600, ìlera ₦400, dátà ₦400, orin ìpè tí wọ́n ń gba ₦50 lé lórí lọ́sẹ̀, ₦200. Ẹ fi ₦120 kún un, tó jẹ́ owó tí a pàdánù nítorí owó ìpè tí ọkọ mi ń yá: ẹ ó yá ₦200, wọ́n á fún yín ní ₦170, ẹ ó sì dá ₦200 padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kan. ₦2,320 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ní "hẹ́lò". Gbogbo ohun tí a fi láìnì yẹn ṣe ní tòótọ́ kò ju ₦1,080 lọ.

Ọmọbìnrin yẹn náà ló ní kí n fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí àwọn ìpolówó má baà tún gba ibẹ̀ wọlé. Mo bẹ̀rù pé àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yóò dúró, kò dúró. Bí ẹ kò bá fẹ́ tì í pa pátápátá, ẹ fi HELP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn kan náà, wọ́n á jẹ́ kí ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. 305 sì ni kóòdù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídá irú iṣẹ́ agbówó wọ̀nyí dúró. Ọ̀fẹ́ ni 2442 yẹn, òun sì ni mo rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gba ₦500 lọ́wọ́ mi ní Tákìé kò dárúkọ rẹ̀.

Yíyá owó ìpè, mo fòfin dè é. Ọkọ mi jiyàn díẹ̀. Ó ní òun ń fi láìnì náà tẹ kóòdù báńkì, láti oṣù kẹfà yẹn sì ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 tí wọ́n ń gbà lórí kóòdù náà lára owó ìpè dípò inú àkáǹtì. Mo ní kó máa fi láìnì tirẹ̀ tẹ tirẹ̀.

Òun kọ́kọ́ ní kí n ju síìmù náà nù. Mo ní rárá. Bí láìnì bá wà fún oṣù mẹ́fà láìṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún wọn, wọ́n lè tì í pa, bó bá sì tún pẹ́ sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ẹni ẹlẹ́ni á wá máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì Màmá. Mo tún ronú àtigbé nọ́ńbà náà lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Láti April 2013 nìyẹn ti ṣeé ṣe, PORT lẹ ó fi ránṣẹ́ sí 3232. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí nìkan ló ń wọ ilé ìdáná wa, ìdí tí fóònù fi ń gbé orí fíríìjì nìyẹn.

Fóònù náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Síìmù méjì ló ń gbà, tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, rédíò wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ máa ń lò, nígbà tí tèmi kì í rí alẹ́. Ariwo rẹ̀ lè jí òkú, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì rẹ̀ ń tètè pa. Nọ́ńbà 1 ti parẹ́ pátápátá, àwọn yòókù ṣì ń dán. Mo yẹ kí n ti fi ìyẹn mọ̀.

Oṣù keje, ₦1,500, nítorí a ti jẹ díẹ̀ kọjá kí n tó pe 300. Oṣù kẹjọ, ₦700. Oṣù kẹsàn-án, ₦700. Mi ò kì í jẹ́ kí owó tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ₦200 lọ mọ́, kí olè má rí ohun púpọ̀ kó.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá bi mí pé kí ló ṣe ọkùnrin tó máa ń gbàdúrà fún wọn láàárọ̀. Àṣé nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn, wọ́n mọ ọ̀kan. Mo fi okùn etí sí fóònù náà, mo wá Parrot FM, 101.1, fún wọn, mo ní ọ̀fẹ́ nìyí, àdúrà kò wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n rédíò kì í dún kó pe àwọn.

Nítorí náà, èmi ni mò ń pè wọ́n báyìí ní ìsinmi ráńpẹ́ nílé ìwé, láti orí láìnì tèmi tí mo ti ra ìpè oṣù sí. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á sì sáré fi kún un pé kí n gé e, ó ń ka owó.