Òjò ká wa mọ́ ilé àtijọ́ l'Ágbádárìgì: ohun tójú wa rí lọ́jọ́ Sátidé

Wọ́n ní kí màmá mi, ẹni ọdún 71, bọ́ síta sínú ìjì torí pé aago mẹ́rin ti lù. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo eléyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kínú mi rọ̀ ná kí n tó kọ nǹkan kan, mo dúró fọ́jọ́ mẹ́ta, kò rọ̀ tán.

Àwa mẹ́rin la lọ: èmi, màmá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ ẹ̀ tó wà ní JSS 2. Màmá mi ṣe tíṣà l'Ágbádárìgì fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ lọ wo àwọn ilé àtijọ́ yẹn bóyá wọ́n ṣì dúró, torí òun fúnra ẹ̀ máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ lọ wò wọ́n nígbà yẹn. Ọ̀nà Mile 2 síbẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, n ò ní fi yín ṣòfò lórí ẹ̀.

Bàbá kan ló mú wa káàkiri, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló júwe ẹ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, irú bàbá báyìí ni kẹ́ ẹ wá, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kì í ka ọ̀rọ̀ látorí ìwé. Iye tó pè láàárọ̀ náà ló gbà nírọ̀lẹ́, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Níbi tí igi Àgíà wà nígbà kan ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ní 1842. Ó ní kì í ṣe èèyàn ló gé igi yẹn o, ìjì ló hú u tigi tegbò ní 1959. Ó wá wo ojú ọ̀run lápá òkun, ó ní, "Irú ẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, ẹ jẹ́ ká tètè." Aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn, oòrùn ń mú ganrínganrín, èmi ò rí nǹkan kan lójú ọ̀run.

Ilé alájà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà tó wà ní Marina, ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀ nílé ìwé: 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1845 ló parí, Bíbélì Àjàyí Crowther sì wà níbẹ̀. Ohun tí n ò mọ̀ ni bí ó ṣe máa rí lára kéèyàn dúró lójú fèrèsé òkè yẹn kó máa wo ọ̀sà. Màmá mi fọwọ́ pa ògiri ẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ, kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sí ilé Sẹ́ríkí Abass. Yàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Sẹ́ríkí fúnra ẹ̀, wọ́n tà á ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wá, òun náà wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò níbẹ̀ pé agbòjò kan ṣoṣo, èèyàn 40 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá àgbà, agbòjò tá a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí?" Màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ò béèrè nǹkan míì títí a fi jáde.

Gbogbo ìyẹn dáa, mo gbádùn ẹ̀. Ilé tó tẹ̀ lé e ló bà á jẹ́. N ò ní dárúkọ ilé ọ̀hún, n ò fẹ́ wàhálà. Ilé àtijọ́ ni, wọ́n tún un ṣe kò tíì pẹ́, wọ́n kùn ún ní funfun láu, wọ́n lẹ POP mọ́ àjà, wọ́n fi páànù tuntun kan án. Àntí kan ló jókòó sídìí tábìlì. ₦1,500 lẹ́nì kan, ó tún ní ká san ₦2,000 ká tó lè fi fóònù ya fọ́tò. Mo ní ó dáa, mo bi í léèrè rìsíìtì, ó ní rìsíìtì ti tán. Mo ṣe trànsífà, orúkọ tó jáde kì í ṣe orúkọ ilé yẹn, orúkọ èèyàn ni. Mo dákẹ́. Ǹ bá má dákẹ́.

A wà lókè nígbà tí ìjì dé. Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ojú ọ̀run ṣú dùdù, àwọn igi àgbọn létí ọ̀sà tẹ̀ mọ́lẹ̀, àrá sán, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, pàà, pàà. Bàbá tó mú wa káàkiri ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sáré lọ síbi fèrèsé tó kọjú sọ́sà. Ìkọ́ irin tó yẹ kó dì í mú ti dógùn-ún, ó ti jẹ tán, ó kù bí abẹ́rẹ́. Bàbá yọ rọ́bà dúdú kan lápò ṣòkòtò, irú tí wọ́n ń gé lára túùbù kẹ̀kẹ́, ó fi so pákó fèrèsé méjèèjì pọ̀, ó ta á ní kókó méjì, ó bọ́ sórí ìkejì. Fèrèsé mẹ́fà. Rọ́bà mẹ́fà ló wà lápò ẹ̀! Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa rí báyìí ni?" Ó ní òun ti sọ fún wọn títí, pé bí atẹ́gùn bá rójú fèrèsé wọlé tí ò rí ibi gbà jáde, òrùlé ló máa gbé lọ. Ó ní òrùlé àtijọ́ ga ṣóńṣó, atẹ́gùn máa ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ tuntun yìí sílẹ̀ kówó lè dín, wọ́n sì lo ìṣó yẹpẹrẹ, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí ìṣó yẹpẹrẹ pẹ́ láyé. Ó fi èékánná ha ògiri, sìmẹ́ńtì ṣí bọ́ bí èèpo ẹ̀pà, amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tutù rinrin. Ó ní ògiri amọ̀ fẹ́ máa mí, wọ́n wá lẹ sìmẹ́ńtì bò ó nímú. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yẹn ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò látinú POP, tó, tó, tó, sórí tábìlì tí wọ́n to fọ́tò àwọn baba ńlá sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kó àwọn fọ́tò yẹn kúrò. Àwa àlejò o!

Àárín ìyẹn ni àntí yìí gòkè wá, báàgì ti wà léjìká ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ní aago mẹ́rin ti lù, òun fẹ́ ti ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àntí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọjọ́ orí màmá yìí, ẹ jẹ́ kó dá díẹ̀." Ó ní òfin ni, máníjà òun ò ní gbà. Bàbá bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ògù, ohùn pẹ̀lẹ́. Yorùbá ló fi dá bàbá lóhùn kí gbogbo wa lè gbọ́: "Bàbá, ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa níbí." Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so fèrèsé mẹ́fà! Mo ní kó dá owó wa padà nígbà yẹn, a ò tíì wo yàrá ìsàlẹ̀. Ó kàn ń mi kọ́kọ́rọ́ ni. Bí wọ́n ṣe lé wa síta nìyẹn. Màmá mi tú ìborùn ẹ̀, ó fi bo orí ọmọ, òun fúnra ẹ̀ wá fi orí òfìfo gba òjò.

A ò tíì rìn ju ìwọ̀n ilé mẹ́ta lọ tá a gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan láti ẹnu ọ̀nà, "Ẹ yà síbí, ẹ yà síbí, ẹ mú ìyá wọlé!"

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ọ́n lára. Ilé àtijọ́ lòun náà, àmọ́ kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n ń gbé ni. Ìyá yìí bọ́ ìró tó tutù lára màmá mi fúnra ẹ̀, ó fi ìró àdìrẹ ti ẹ̀ wé e, ó gbé àpótí fún un nídìí ààrò, ó ní kí ọmọ ọmọ ẹ̀ bu gàrí, kó fọ́ àgbọn. Ọwọ́ màmá mi ń gbọ̀n, ìyá yẹn di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú títí tí kò fi gbọ̀n mọ́. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da òkúta sórí páànù, ẹ̀kán kan ò jò. Mo wòkè, mo tún wòkè. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi hàn mí: pákó ìdábùú ńlá wà nínú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, irin ni wọ́n fi de igi òrùlé mọ́ orí ògiri, etí òrùlé yọ síta dáadáa tí omi ò fi lè kan amọ̀. Ìyá ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ òun gbọ́dọ̀ gun òkè lọ yẹ ìṣó wò níkọ̀ọ̀kan. Owó ọmọ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò bá wọn dá sí i.

Ìyá yìí àti màmá mi wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti mọra látilẹ̀, nípa ọjà, nípa àwọn tíṣà ayé ìgbà yẹn. A ò fẹ́ dìde mọ́. Mo fún ìyá lówó, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ṣé òun ta òjò fún wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. A ti sanwó láti kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, sí ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú ń gbà lọ tí wọn ò padà. Nígbà tí òjò dá, a lọ bá wọn, wọ́n ní ọ̀sà ṣì ń ru, àwọn ò ní gbé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dá owó wa padà lójú ẹsẹ̀, ká tó béèrè. Ẹ wo ìyàtọ̀.

Ní ti ilé aláwọ̀ funfun yẹn, mo pe máníjà wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó ò padà títí di báyìí. Ṣùgbọ́n ó ní kí n gbé fóònù fún màmá mi, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ gidi gan-an, ó ní òun dọ̀bálẹ̀ níbi tóun wà, màmá mi sì ti ní òun ti gbà. Èmi ò tíì gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín láṣẹ láti dá sí èèyàn nínú ìjì, ẹ sì pe bàbá yẹn kó wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé létí òkun.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún gbogbo ìrìn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún wọn ní ọ̀kan, n ò lè ṣe é. Ìró àdìrẹ ìyá yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Màmá mi ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a sínú ọ̀rá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àràárọ̀ ló ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa dá a padà.