ThinkPad T480 tòkunbọ̀ pẹ̀lú Linux Mint: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ kúrò lórí Windows

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tí kò bá lè gba Windows 11 kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, àyàfi tí olówó ẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, tí òun náà máa parí ní oṣù kẹwàá 2026. Ẹni tó bá ń wá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rà ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó náwó, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n tò sórí tábìlì níbẹ̀ ló ti dàgbà kọjá ohun tí Windows 11 ń gbà. Èyí tí mo ń lò, tí mo sì máa ń júwe fún èèyàn, ni Lenovo ThinkPad T480, tó jáde ní 2018. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ kan nínú ẹbí Linux tó lè rọ́pò Windows, ló wà lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ náà dáa gan-an, àmọ́ ó níbi tó kù díẹ̀ káàtó, ó sì níbi tí wọ́n ti lè lu èèyàn ní jìbìtì.

Ẹ má fi orúkọ "Core i5" nìkan ra ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-7300U jẹ́ ìran keje, i5-8350U sì jẹ́ ìran kẹjọ. Láti ìran kẹjọ ni Microsoft ti gba ẹ̀rọ Intel fún Windows 11, ìyẹn ni T460 àti T470 ò fi lè wọlé, tí T480 tó bá jẹ́ ìran kẹjọ wọlé. Lọ́dọ̀ HP, EliteBook 840 G3 àti G4 ò wọlé. G5 tó bá jẹ́ ìran kẹjọ wọlé. Ara T470 àti ti T480 jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí náà ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ ka ìlà Processor fúnra yín. Àwọn kan ti dọ́gbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà. Ó máa ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé bá a.

Ọ̀rọ̀ Windows 11 nìkan kọ́ ló mú kí ìran kẹjọ ṣe pàtàkì. Core (ọpọlọ inú processor) méjì péré ló wà nínú i5-7300U. 4 ló wà nínú i5-8350U. Ẹni tó bá ṣí Zoom, ojúewé ogún lórí Chrome àti ìwé ìṣirò pa pọ̀ máa rí ìyàtọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé Linux ló fẹ́ fi sí i pátápátá lè ra T470 tí owó ẹ̀ bá wálẹ̀ dáadáa, Mint ò ní kọ̀ ọ́. Àmọ́ tí ìyàtọ̀ owó wọn ò bá pọ̀, ẹ fi kún un kí ẹ mú T480.

Ojú ihò RAM méjì ló wà nínú T480, DDR4 sì ni. Ẹ lè ra oní-8GB lónìí kí ẹ fi 8GB mìíràn kún un lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣọ́ra fún T480s o: lẹ́tà s yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ wọ́n ti jó apá kan RAM ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ti X1 Carbon tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo RAM rẹ̀ ni wọ́n jó mọ́ ọn. Fún ojú ẹ̀rọ, ẹ wo resolution nínú Display settings. Tí ó bá jẹ́ 1366 x 768 lẹ bá níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ tàbí kí ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. 1920 x 1080 ni kí ẹ máa wá.

Bátìrì ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí fún ìlú tí iná ò dúró sójú kan. Méjì ni. Èyí tó wà nínú jẹ́ 24Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà). Èyí tó wà lẹ́yìn ṣeé yọ, ó lè jẹ́ 24Wh tàbí oní-72Wh tó yọ gúnńgú nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ lo tẹ̀yìn tán kó tó kan ti inú. Nítorí náà, tí tẹ̀yìn bá ti tán, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́ láì pa ẹ̀rọ, ti inú á gbé e dúró. Ẹni tó bá ní bátìrì ẹ̀yìn méjì tó ti gba iná kún kò ní ta gìrì tí NEPA bá mú iná lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí owó tó jáde, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F1 lásìkò tí àmì Lenovo bá yọ. Tó bá béèrè password kó tó jẹ́ kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń ṣáájú Windows ṣí, ẹ dá a padà fún wọn. Supervisor password ThinkPad kì í lọ tí wọ́n bá yọ bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tuntun ni Lenovo ní kí èèyàn rà. "A máa bá yín ṣí i tó bá yá" kì í ṣe ìdáhùn. Tí ẹ bá wọlé, ẹ lọ sí Security, ẹ wo Computrace. Tó bá wà ní Activated, ẹ̀rọ yẹn ṣì lè máa jábọ̀ fún iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀, píparẹ́ Windows ò sì yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sínú Windows, ẹ ṣí cmd, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Fáìlì kan máa jáde. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Tí bátìrì tó yẹ kó gba 24,000 mWh bá ń gba 15,000, ó ti gbó, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

Ibi tó máa ń dun àwọn tó ń lo T480 jù lọ ni ihò USB-C. Kò ní ihò ṣájà róbótó bíi ti àwọn tàtijọ́. USB-C nìkan ló fi ń gba iná, ihò méjì ló sì ní. Fímúwíà Thunderbolt (sọ́fítíwíà kékeré tó ń darí ọ̀kan nínú ihò méjèèjì) tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àléébù: tí wọn ò bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó lè ba ihò yẹn jẹ́ títí tí kò fi ní gba iná mọ́, tí kò sì ní gbé àwòrán jáde. Lenovo ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ẹ ki ṣájà bọ ihò méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé iná ń wọlé. Tí ẹ bá sì ti ra ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí Lenovo Vantage lórí Windows tó wà níbẹ̀, ẹ ṣe àtúnṣe Thunderbolt àti BIOS kí ẹ tó pa Windows rẹ́. Nígbà tí fímúwíà bá ń wọlé, bátìrì gbọ́dọ̀ kún, ṣájà sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀. Iná tó bá já lójijì níbẹ̀ lè pa bọ́ọ̀dù.

Ó wá ku Mint. Ọ̀wọ́ 22 rẹ̀ dúró lórí Ubuntu 24.04, tó jẹ́ Linux mìíràn, àtúnṣe á sì máa dé títí di 2029. Fáìlì rẹ̀ sún mọ́ 3GB, fláàṣì 8GB sì tó fún un. Ẹ fi sọ́fítíwíà Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì; ẹ má kàn dà á kọ síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F12, ẹ mú fláàṣì. Mint máa ṣí láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dán Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín wò. Wi-Fi Intel inú T480 kì í yọni lẹ́nu rárá.

Ẹni tó fẹ́ kí Windows àti Mint jọ wà ní nǹkan méjì láti kọ́kọ́ ṣe. Ẹ pa Fast Startup ní Control Panel, lábẹ́ Power Options. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, Windows kì í kú tán tí ẹ bá pa á, Mint kò sì ní lè kọ nǹkan sórí apá tí Windows wà. Ẹ wo BitLocker náà, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa: tó bá wà ní títàn, ẹ tọ́jú recovery key sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ sì dá a dúró kí ẹ tó pín dísìkì. Inú Disk Management ti Windows ni kí ẹ ti dín C: kù. Mint fúnra rẹ̀ ní kí èèyàn ní 100GB kó lè rọgbọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí i tán, ẹ máa rí i pé aago Windows ti fi wákàtí kan yàtọ̀, torí ọ̀nà tí méjèèjì ń gbà ka aago inú bọ́ọ̀dù ò dọ́gba. Àṣẹ kan tí ẹ máa kọ sínú Terminal ló ń tún un ṣe lórí Mint:

timedatectl set-local-rtc 1

Fún bátìrì, TLP, sọ́fítíwíà tó ń dá iná bátìrì sí, ni kí ẹ lò. Ẹ yọ power-profiles-daemon, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kúrò tó bá wà níbẹ̀, kí méjèèjì má baà máa bára wọn jà, kí ẹ tó kọ sudo apt install tlp. Nínú /etc/tlp.conf, BAT0 ni ti inú, BAT1 ni tẹ̀yìn. Ẹ fi START_CHARGE_THRESH_BAT0 sí 75, STOP_CHARGE_THRESH_BAT0 sí 80, kí ti inú tí kò rọrùn láti pààrọ̀ lè pẹ́. Ẹni tó ní inverter lè ṣe tẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó jẹ́ kí tẹ̀yìn máa kún dé 100. Tó bá gbó, wẹ́rẹ́ lèèyàn ń yọ ọ́.

Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àtúnṣe àkọ́kọ́ máa jẹ dátà. Nínú Software Manager, tí sọ́fítíwíà kan bá wà ní oríṣi méjì, ẹ mú System Package, ẹ fi Flatpak sílẹ̀, torí Flatpak máa ń fa ẹrù mìíràn tọ ara rẹ̀.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ibi ìtẹ̀ka T480 kì í ṣiṣẹ́ lórí Mint bó ṣe wà, sọ́fítíwíà àwọn ará ìta ló ń ṣí i, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ ká fi ìyẹn da ara wa láàmú. CorelDRAW, Photoshop àti Microsoft Office tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ ò sí fún Linux. Ẹni tó ń fi Corel ṣe káàdì ìpè àti pátákó jẹun kò gbọdọ̀ pa Windows rẹ́. Kó jẹ́ kí méjèèjì jọ wà, tàbí kó dúró sórí Windows 11, T480 gbà á. LibreOffice ń ṣí Word àti Excel dáadáa, àmọ́ tábìlì tó díjú lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ttf-mscorefonts-installer sí i kí Times New Roman àti Arial lè wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa fi PDF ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn fẹ́ kà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP kì í sábà ní wàhálà. Ti Canon LBP lè gba kí ẹ lọ wa dúráfà rẹ̀ jáde láti ìkànnì Canon.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, Mint ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú Keyboard, lábẹ́ Layouts. Èmi fẹ́ràn Compose key (bọ́tìnnì tí ẹ máa kọ́kọ́ tẹ, kí ẹ tó tẹ méjì mìíràn tó máa di lẹ́tà kan) ju ìyẹn lọ, torí lẹ́tà yòókù kì í yí ipò padà. Ẹ yan bọ́tìnnì kan fún un nínú Options, bíi Alt ọwọ́ ọ̀tún. Compose, ! àti e máa fún yín ní ẹ, Compose,! àti s máa fún yín ní ṣ. Compose, ' àti a máa fún yín ní á. Àmì tó bọ́ sórí lẹ́tà onísàmì ìsàlẹ̀, bíi ọ́, lẹ máa fi àfikún ṣe: lẹ́yìn ọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti U pa pọ̀, ẹ kọ 0301, ẹ tẹ Enter. Tí ohùn ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, 0300 ni.