Bíríkìlà Tàbí Ẹnjiníà: Ta Lẹ Máa Mú Dání Lọ Wo Ilé Tẹ́ ẹ Fẹ́ Rà?

Ẹni méjì làwọn tó fẹ́ ra ilé àkọ́tán l'Ékòó sábà máa ń mú dání lọ wò ó: bíríkìlà tó ti ń bá ẹbí ṣiṣẹ́ tipẹ́, tàbí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ẹ má ka sọ̀fíyọ̀ mọ́ wọn. Ilẹ̀ àti òpó ààlà ni tiẹ̀, ohun tó ń ṣe ògiri kò kàn án.

Tó bá jẹ́ ti owó, bíríkìlà rọrùn jù. Owó ọkọ̀ àti nǹkan díẹ̀ lé e ló máa gbà, ọ̀la gan-an ló sì lè tẹ̀ lé yín.

Òrùlé àti omi ńkọ́? Bíríkìlà àgbà lójú níbẹ̀ dáadáa. Á rí àbàwọ́n omi lára POP, á rí ohun funfun bí iyọ̀ tó ń hù nísàlẹ̀ ògiri, èyí tó fi hàn pé omi ń fà sókè láti ìpìlẹ̀. Ẹ ní kó da omi sí gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, garawa mẹ́wàá, kó wá ṣí ìdérí soakaway wò. Tó bá jẹ́ apá Lekki tàbí Ajah, ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ ṣe é. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìnnà níbẹ̀. Soakaway tó ń fa omi lóṣù kìíní lè kún dẹ́nu lóṣù keje.

Ọ̀rọ̀ òpó àti dẹ́kìnì ni kí ẹ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ lowó ti ń wọlẹ̀. Bíríkìlà á fi hámà gbá òpó, á tẹ́tí, á ní "ó le." Pílásítà ló gbá yẹn. Kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè lu ihò bí afárá oyin nítorí pé wọn ò kì í mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n dà á, irin inú rẹ̀ sì lè ti dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á ti kọnkéré dànù, òpó á sì sán gbọọrọ tọ ipa irin náà. Símẹ́ńtì díẹ̀ àti ọ̀dà tuntun ti tó láti bo èyí mọ́ ẹni tó ń rajà lójú fún oṣù mélòó kan.

Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣí pílásítà níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, á fi òkúta ra kọnkéré kó dán, á wá tẹ rebound hammer, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń fi bó ṣe ń ta padà wọn bí kọnkéré ṣe le tó, mọ́ ọn ní nǹkan bí ojú mẹ́wàá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ pílásítà ti fowó yín ṣòfò. Lára ilé tó ti pẹ́, ẹ̀rọ yìí tún lè tan èèyàn, torí ojú kọnkéré máa ń le ju inú rẹ̀ lọ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ èkìrí kọnkéré roboto jáde, kí wọ́n lọ fọ́ ọ ní yàrá àyẹ̀wò. Tí pílánì bá ní kí agbára kọnkéré jẹ́ 25 N/mm², iye tí àyẹ̀wò mú jáde ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ fi wé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ògiri tó sán. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tó ń lọ káàkiri, ti pílásítà ni. Èyí tó dagun láti igun fèrèsé, tó yọ sí ìta lójú kan náà, tí owó ẹyọ sì wọ inú rẹ̀, ìpìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹnjiníà á fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, á kọ déètì síbẹ̀, á sì padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ti bíríkìlà. Ajẹ́ńtì á fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ dá a lóhùn. Ìwé ẹnjiníà, tó ní fọ́tò àti òǹtẹ̀, ni lọ́yà yín lè gbé sórí tábìlì kí wọ́n fi dín owó ilé kù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá a, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san owó rẹ̀. Ẹ má gba èyí tí ajẹ́ńtì bá mú wá. Ẹni tó ń ta ilé náà lè ṣe àyẹ̀wò yìí ṣáájú, kó tún èyí tí kò wọ́nwó ṣe.

Ilé ilẹ̀ oníyàrá méjì, bíríkìlà àgbà tó o. Tó bá ti ní dẹ́kìnì, ẹ mú bíríkìlà lọ wo òrùlé àti soakaway, ṣùgbọ́n ẹ má san àsansílẹ̀ kí ìwé ẹnjiníà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.