Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹja tí wọ́n ní “a ti yà á sọ́tọ̀”

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹja tuntun. Oníṣòwò kan wà ní Èkó níbí tó ń ta goldfish, guppy àti molly lórí WhatsApp. Owó rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, ìdí tó sì ń sọ ni pé òun ti ya àwọn ẹja náà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àrùn tó bá wà lára wọn lè hàn, òun sì ti fún wọn lóògùn. Irọ́ ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ bó ṣe ń ṣe é, torí òun nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Mo ti tránsífà owó kí n tó lọ gbé ẹja mi. Nígbà tí mo débẹ̀, páálí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń kó ẹja wá láti òkè òkun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ẹrù ọkọ̀ òfuurufú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọjọ́ ìjẹta ló sì wà lórí ìwé náà. Mo bi í. Ó ní páálí ẹlòmíì ni. Mo ní kó fi ibi tó ń ya ẹja sọ́tọ̀ sí hàn mí, ó ní ilé àbúrò òun ni. Bẹ́ẹ̀, omi kan náà ló ń yí ká gbogbo táńkì tó wà níwájú mi, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi àwọ̀n kan ṣoṣo kó ẹja nínú èyí lọ sínú tọ̀hún. Ìyàsọ́tọ̀ wo ló kù níbẹ̀?

Inú abọ́ ọ̀tọ̀ ni mo da tèmi sí. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí àmì funfun wínníwínní fi bo ìrù wọn bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n wọn. Màmá kan ládùúgbò wa tóun náà rà lọ́wọ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó sì dà wọ́n mọ́ àwọn goldfish tó ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́. Gbogbo wọn ló kú. Nígbà tí màmá pe oníṣòwò náà, ó ní omi màmá ni kò dáa, ó tún ta oògùn fún un. Èyí dùn mí gan-an. A wá fi fídíò ẹja tí oníṣòwò náà fi ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì wéra: ìgbín dúdú kan wà lára gíláàsì lápá ọ̀tún, ojú ibì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Fídíò kan náà ló ń pín kiri.

Àrùn yẹn ni wọ́n ń pè ní white spot tàbí ich. Abẹ́ awọ ẹja ni kòkòrò rẹ̀ ń wọ̀, oògùn kò sì lè bá a níbẹ̀. Tó bá yó, á já bọ́ sísàlẹ̀ omi, á fi èèpo bo ara rẹ̀, á sì pín sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ tí yóò máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri. Ìgbà tí wọ́n bá ń lúwẹ̀ẹ́ yìí nìkan loògùn ń rí wọn pa. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ fi ń yí po. Ó sì lè jẹ́ inú ìjàgbọ̀n ẹja, ibi tó fi ń mí, ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ẹja tó mọ́ tónítóní lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lè ti kó o.

Ti guppy àti molly tún burú jù. Aràn pupa kan wà, Camallanus, tó máa ń yọrí jáde ní ihò ìdí wọn bí òwú nígbà tí ẹja bá dúró jẹ́ẹ́, tí yóò sì fà wọlé padà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, oògùn white spot kò sì kàn án rárá. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní “mo ti fún wọn lóògùn”, ẹ bi wọ́n: oògùn wo, fún àrùn wo, lọ́jọ́ wo? Omi búlúù inú ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí. Methylene blue ni, oògùn aláwọ̀ búlúù kan, ẹnikẹ́ni lè rọ ọ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kó ṣòro láti rí àmì ara ẹja. Ẹ má da omi ọ̀rá sínú táńkì yín láé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè yín lórí fídíò, kó fún ẹja lóúnjẹ lójú yín. Ẹja tí kò jẹun, tó ń fara ha nǹkan, tó ń mí gúlegúle, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ilé yín ni ìyàsọ́tọ̀ tòótọ́ ti ń wáyé, ẹni yòówù tó bá ta ẹja fún yín. Abọ́ ike tó gba nǹkan bí 40 lítà, tí ọṣẹ kò kàn rí, tó ní ìdérí torí ẹja tuntun a máa fò. Ẹ má da yanrìn sí i. Fílítà oníkànìnkànìn tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú táńkì àtijọ́ yín ni kí ẹ gbé sí i, kí bakitéríà tó ń yí ammonia, májèlé tó ń wá láti inú ẹ̀gbin ẹja, padà ti wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 ni, kó má dín. Bí àmì bá yọ, ìgbà tí àrùn náà bá lọ tán lẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Inú abọ́ yìí náà ni kí ẹ ti lo oògùn, torí èyí tó ní bàbà nínú máa ń pa ìgbín àti edé tó wà nínú táńkì. Táńkì àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú lójoojúmọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti àwọn àlejò. Omi tó kù lára àwọ̀n tàbí lọ́wọ́ yín tó láti kó àrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́ sí yín. Tí kò bá dá owó padà, ẹ gbé e lọ bá LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Èmi àti màmá yẹn ti ń kó tiwa jọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ lọ, kó kọ̀wé sí mi.