Pẹ́pẹ́yẹ Ló Fi Oboe Hàn Mí

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n tí ọ́kẹ́sítírà bá ń dún, gbogbo rẹ̀ a kàn dà pọ̀ létí mi ni. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ṣebí táwọn onídùndún bá ń bọ̀ lókèèrè, n kò ní tíì rí wọn tí màá ti mọ̀ pé ìyáàlù nìyí, gúdúgúdú nìyẹn.

Peter and the Wolf, orin ọ́kẹ́sítírà kan, ló là mí létí. Sergei Prokofiev, ará Rọ́ṣíà, ló kọ ọ́ fáwọn ọmọdé lọ́dún 1936, kò sì ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Bí àlọ́ ló rí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, àti bàbá rẹ̀ àgbà, ẹyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ológbò àti ìkookò, olúkúlùkù ló sì ní ohun èlò tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti jèrè jù lọ ni ibi tí ẹyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ti ń bára wọn jiyàn. Ẹyẹ ní irú ẹyẹ wo ni tìẹ tí o kò lè fò? Pẹ́pẹ́yẹ náà ní irú ẹyẹ wo ni tìẹ tí o kò lè lúwẹ̀ẹ́? Flute ni ẹyẹ, ohùn rẹ̀ fúyẹ́, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún lókè. Oboe ni pẹ́pẹ́yẹ, imú ni ohùn tirẹ̀ ń gbà jáde. Algaita táwọn Haúsá máa ń fọn ni mo rántí lójú ẹsẹ̀, mọ̀lẹ́bí sì ni wọ́n lóòótọ́: ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ méjì (reed) tó fara kanra ló ń gbọ̀n lẹ́nu ẹni tó ń fọn méjèèjì. Clarinet, tó jẹ́ ológbò, ahọ́n kan ṣoṣo ló ní, ohùn rẹ̀ sì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Bassoon, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ni bàbá àgbà tó ń ráhùn. Ìwo idẹ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní horn ló para pọ̀ di ìkookò. Timpani wà lára ohun tó ń dún bí ìbọn ọdẹ, bí gúdúgúdú ńlá sì ni: abọ́ tí a fi awọ bo lójú kan.

Iṣẹ́ yìí ní ibi tó kù sí. Gbogbo ohun èlò olókùn, láti fayolíìnì dé èyí tó tóbi jù, ọmọkùnrin náà nìkan ni wọ́n ń ṣe fún, nítorí náà n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí háàpù níbẹ̀, kò sí tuba, fèrè idẹ ńlá. Mo ní láti lọ sínú iṣẹ́ Britten, ará Gẹ̀ẹ́sì, tọdún 1945, The Young Person's Guide to the Orchestra, kí n tó gbọ́ viola, tó tóbi díẹ̀ ju fayolíìnì lọ, lóun nìkan. Ó mú orin kan tí Purcell, olórin Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kọ, ó gbé e fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan láti yí padà lọ́nà tirẹ̀. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtàn tí ẹ ó dì mú.

Ẹ má sì fi fóònù lásán gbọ́ Peter and the Wolf. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ ló pòórá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí bàbá àgbà rárá. Hẹ́dífóònù ni kí ẹ lò.

Òyìnbó ni asọ̀tàn ń sọ nínú ẹ̀dà tí mo ní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó tì mí, mò ń dá orin náà dúró, mò ń fi Yorùbá pa á lálọ̀ọ́. Ìkookò ti gbé pẹ́pẹ́yẹ mì. Ní ìparí, bí wọ́n ṣe ń fa ìkookò lọ, ọmọ náà di etí hẹ́dífóònù mú, ó lanu. Mi ò tíì túmọ̀ ohun tí asọ̀tàn sọ tó fi pariwo pé, "Àǹtí, pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn! Ó ṣì wà láàyè nínú ikùn rẹ̀!"