Ekòló, ìrẹ̀, ìdin àbí oúnjẹ agolo: èwo lẹ máa rà fún salamáńdà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra salamáńdà, ẹran tó jọ alángbá àmọ́ tó jẹ́ ẹbí ọ̀pọ̀lọ́, l'Àjàṣẹ́ níbí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun táá máa jẹ kẹ́ ẹ tó wo ẹwà ẹ̀. Kì í jẹ ẹ̀fọ́, kì í jẹ gààrí, ohun ẹlẹ́mìí ni tiẹ̀, èyí tó bá sì ń mira lójú ẹ̀ ló máa ń tètè gbá mú.

Ekòló ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, àwọn yòókù ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó rọ̀, kò ní èèpo líle, kálísíọ̀mù inú ẹ̀, èròjà tó ń mú egungun le, dáa. Owó ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni tẹ́ ẹ bá ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tutù lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀, ẹ má lọ wa ti oko òwú o, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n síbẹ̀ á gba inú ekòló wọ inú ẹran ọ̀sìn yín. Ẹ ṣan yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀, ẹ gé e tó bá gùn, ohun tó bá fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú salamáńdà méjèèjì lọ ti tóbi jù fún un.

Ìrẹ̀ dáa fún èyí tó ń gbé orí ilẹ̀, ó ń jẹ́ kó ṣọdẹ, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ẹ̀ kéré, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ìrẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ yó lọ́jọ́ tó ṣáájú kẹ́ ẹ sì fi páúdà kálísíọ̀mù pa á lára, owó páúdà náà ẹ fi kún ìṣirò. Ẹ kó èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò, ìrẹ̀ tébi ń pa lè bu salamáńdà jẹ lóru.

Ìdin? Songhai, oko ẹ̀kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Àjàṣẹ́, ti ń sin ín fún ẹja níbí, kò ṣòroó rí. Èèpo ẹ̀ le, ẹ fi ṣe ìpanu.

Oúnjẹ oníhóró inú agolo, àkìsólótì, irú salamáńdà tó ń gbé inú omi, máa ń gbà á, ti orí ilẹ̀ kì í sábà wò ó. Ẹ ra èyí tó ń rì, tó jẹ́ ẹja ni wọ́n kọ ṣáájú lẹ́yìn agolo, kì í ṣe àgbàdo. Èyí tí ò bá jẹ, ẹ kó o lọ́jọ́ náà, ooru wa ò ní í jẹ́ kó pẹ́ kó tó rà.

Ọmọ kékeré ń jẹ lójoojúmọ́, àgbà ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Tí àkìsólótì bá kọ oúnjẹ lóṣù kẹta ọdún, nígbà ooru, ẹ má sáré pààrọ̀ agolo, ẹ fi tẹmómítà sómi: àkìsólótì ń fẹ́ dígírì 16 sí 18, yàrá wa sì máa ń kọjá 28. Ẹni tí ò bá lówó ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, kó má rà á rárá.