Ọ̀sẹ̀ Homecoming ní BYU: ẹ mú Màmá dání, ẹ kó àwọn ọmọ dání

Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Brigham Young University, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí òun nìkan dá lọ sí Homecoming, ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ máa ń padà wá ṣe àjọyọ̀, tàbí kí gbogbo ilé tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé lọ. Ọkọ mi ló ka ìṣirò owó níbẹ̀, òun ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n Màmá tó bí i, tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ló gbádùn ọ̀sẹ̀ náà jù. Àwọn ọmọ ló tẹ̀lé Màmá. Ọkọ mi ṣe ipò kẹta, inú rẹ̀ sì dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀sìn, torí mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín máa bèèrè. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ló ni yunifásítì náà. Ọkọ mi ti wà nínú ìjọ yẹn láti Èkó. Ọmọ Áńgílíkà ni èmi àti Màmá. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé wọ́n á máa wàásù fún wa láti àárọ̀ di alẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n máa ń gbàdúrà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣe é ní ṣókí, ó tán. Àmín ti Màmá ló máa ń dún sókè jù nínú gbọ̀ngàn, àwọn tó jókòó níwájú wa a sì yí padà rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnikẹ́ni kò bi wá pé ìjọ wo la ti wá.

Ìlú Provo, níbi tí yunifásítì náà wà, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Wasatch. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1875 ni wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, oṣù kẹwàá yìí náà ni Homecoming sì sábà máa ń bọ́ sí. Ọ̀sán a mú oòrùn dáadáa, alẹ́ a tutù débi pé ẹ ó máa wá kóòtù kiri. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún àgbà àti ọmọdé, ẹ má wò ó pé oòrùn ń ràn lọ́sàn-án.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó dé inú ọgbà rárá, ni lẹ́tà Y funfun gàgàrà kan lára òkè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é lọ́dún 1906. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, B, Y àti U, ni wọ́n fẹ́ kọ, wọ́n sì fi Y tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ń gba ẹfun, yanrìn àti òkúta láti ọwọ́ dé ọwọ́. Iṣẹ́ Y yẹn nìkan wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé wọn ò dá B àti U lé mọ́. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 380, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 130. Ọkọ mi àti àkọ́bí wa gun òkè náà dé ìdí lẹ́tà yẹn. Ọ̀nà rẹ̀ kò gùn, ó lé díẹ̀ ní máìlì kan, ṣùgbọ́n ó dàgẹ̀rẹ̀ gan-an, ìlú náà fúnra rẹ̀ sì ti ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4,500 lọ sí ìpele òkun, nítorí náà èémí máa ń tètè gé àlejò. Ẹ gbé omi dání, ẹ má sì gbé ọmọ tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Màmá, ọmọ abẹ́ Olúmọ, wo òkè náà láti ìsàlẹ̀ títí, ó ní, "Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ihò tí èèyàn lè sá sí."

Lálẹ́, wọ́n tan iná yí lẹ́tà náà ká. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni a dúró sí, Màmá wọ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lé ìró àti bùbá, àbíkẹ́yìn mi wà léjìká bàbá rẹ̀. Òkè náà ti dúdú, a ò rí i mọ́. Àfi bí iná ṣe tàn gbòò, tí àwọn ọ̀dọ́ hó yèè! Màmá náà hó. Gbogbo ètò tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, tí a sanwó rẹ̀ àti tí a ò sanwó rẹ̀, èyí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìwé ètò. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ sọ àsíá kalẹ̀, wọ́n á fi orin orílẹ̀-èdè sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ẹni tó ń rìn nínú ọgbà a sì dúró ṣinṣin níbi tó bá wà. A ò mọ̀. A kàn rí i pé gbogbo ayé dá dúró. Ọmọkùnrin kan tó ti fẹ́ gé sáńwíìṣì rẹ̀ jẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn mi fà mí láṣọ: "Mọ́mì, kí ló ṣe wọ́n?" Màmá ti dúró ní tirẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí orin náà ṣe parí, kálukú ń lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Oúnjẹ tó lórúkọ jù níbẹ̀ ni dónọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cougar Tail, ìnṣì 16 ni gígùn rẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n fi adùn igi maple sí ni wọ́n rẹ́ sí i lórí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣúgà yẹn á sán wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ á sì rọ̀ bíi búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọ̀kan tó wa jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Ní tèmi o, ó ti dùn jù. Mílíìkì ṣokoléètì tí wọ́n ń tà ní Creamery, ilé-iṣẹ́ mílíìkì tiwọn fúnra wọn, lù ú pa. Àwọn ọmọ mú áísìkirimù Graham Canyon níbẹ̀, wọ́n tún ní ká padà lọ. Ẹ ò ní rí kọfí rà nínú ọgbà, ìgbàgbọ́ wọn kò fàyè gbà á. Ọdún 2017 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹlẹ́rìndòdò tó ní káféènì pàápàá. Bí Màmá yín bá jẹ́ ẹni tí kì í jí láìmu Lipton, ẹ kó o sí báàgì. Ata gígún náà, ẹ má gbàgbé.

Ilé ọnà wọn, ọ̀fẹ́ ni. Bean Life Science Museum, ilé àkójọ ẹranko, náà, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ò fẹ́ kúrò. Wọ́n ní ẹranko kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Shasta, tí abo ẹkùn ilẹ̀ Éṣíà bí fún akọ kìnnìún. Ọgbà ẹranko Salt Lake City ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1948, nígbà tó kú wọ́n tọ́jú awọ rẹ̀, ó dúró bí ẹni tó wà láàyè. Àkọ́bí mi bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí, ọmọbìnrin yẹn kò sì kánjú dá a lóhùn.

Alẹ́ ijó àti orin ní gbọ̀ngàn Marriott Center dára. Àwọn ẹgbẹ́ Living Legends, tí wọ́n ń jó ijó àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì, ló mú Màmá dìde lórí ìjókòó. Ó ní ìbàdí wọn mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni bọ́ọ̀lù, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá, ní pápá LaVell Edwards. Kóòṣì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà ló gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà fún wọn lọ́dún 1984. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọgọ́ta èèyàn tó lè jókòó síbẹ̀, wọn kì í sì í ta ọtí. Mo ti bá ọkọ mi lọ síbi bọ́ọ̀lù níbòmíràn tí ọ̀mùtí da bíà sí wa lára, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Níhìn-ín, ìdílé tó jókòó níwájú wa gbé ọmọ ọwọ́ dání, àwọn tó wà lẹ́yìn, bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni. Màmá kò mọ òfin eré náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé aláṣọ búlúù ni tiwa, ìyẹn sì tó o. Cosmo, ẹni tó ń wọ aṣọ cougar, ẹranko bí ológbò ńlá tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ wọn, wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Fọ́tò yẹn ti dé Abẹ́òkúta kí eré tó parí.

Ibi tó ti ni wá lára ni ibùsùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan gba owó wa tẹ́lẹ̀, nígbà tí a dé wọ́n ní yàrá tí a san owó rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlú á kún ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ tètè gba yàrá, ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá bá bàálù dé Salt Lake City, rélùwéè FrontRunner á gbé yín dé Provo, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù inú ọgbà máa ń wà ní títì lọ́jọ́ náà. Ẹ ra oúnjẹ ọjọ́ Àìkú láti Sátidé.

Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ìhà ìwọ̀-oòrùn pápá ni kí ẹ rà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wà lẹ́yìn yín, òkè á sì wà níwájú. Bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú tìmùtìmù dání fún àgbàlagbà. Ọkọ mi ti ń wá ìjókòó tó ní ẹ̀yìn fún oṣù kẹwàá tó ń bọ̀, nítorí Màmá ti ní òun ò ní padà sílé kí ìyẹn tó kọjá.